Páànù Ṣọ́ọ̀ṣì Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀

Nígbà tí a sin àbúrò mi, Lásárù Ẹkúndayọ̀, ní Osí lọ́dún 1988, àwọn tó sọ̀rọ̀ létí sàréè ní ó mọṣẹ́, wọ́n ní kì í pa ìsìn jẹ, wọ́n sì jókòó. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí gbogbo wọn ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, pé ẹnu rẹ̀ ló pa iṣẹ́ rẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́fà kó tó kú, bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ àlòkù wá pé kó bá òun wò ó, Lásárù á wò ó tán, á sì sọ lójú ẹni tó fẹ́ tà á pé, "Èyí ti forí sọ igi rí," tàbí pé, "Ẹni kan kú nínú èyí." Ọlọ́kọ̀ á bínú, ẹni tó fẹ́ rà á á bá tirẹ̀ lọ, Lásárù á sì padà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi Leah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo mọ̀ pé orí rẹ̀ kò dàrú. Mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo mọ ọkọ̀ tó fà á. Mo lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Pánẹ́lì bítà ni Lásárù. Bí ọkọ̀ bá rún wómúwómú, òun ló ń fi òòlù nà án títí tí yóò fi padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Bẹ̀llò, tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ tí ojú bá rí kì í ṣe iṣẹ́. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé lọ́dún 1971, tó sì ti jí ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin dìde tí àwọn ènìyàn ti ní kí wọ́n gé tà, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Lásárù Ajíǹde-Ọkọ̀. Àlùfáà wa gbọ́, kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ìjọ forí gbá afárá, ta ni wọ́n gbé e wá bá?

Orúkọ náà dùn mọ́ àbúrò mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá parí iṣẹ́ kan, á ní kí n wá fi ọwọ́ pa á kí n sọ ibi tó ti fọ́, bí n kò bá sì rí i, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àwọn mìíràn máa ń fi pọ́tì dí gbogbo kòtò ara ọkọ̀, wọ́n á wá kun ọ̀dà lé e. Lásárù kórìíra pọ́tì. Irin ló ń fi tún irin ṣe.

Òkìkí yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ àlòkù wá fún un láti Ọ̀bọ̀ Ayégúnlẹ̀, láti Ìlọ́fà, títí dé Òmù-Àrán, pé kó sọ bóyá owó tí wọ́n dá lé e tọ́. Ó ní òòfà kan tó yọ lẹ́yìn rédíò tó bàjẹ́, ó so okùn mọ́ ọn. Á máa gbé òòfà náà rin ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níbi tí irin bá wà, òòfà á lẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pọ́tì ni, á já bọ́. Iye ìgbà tó bá já bọ́ ni Lásárù fi ń yọ owó kúrò.

Ọdún 1977 ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù wọ́ ọkọ̀ pupa kan wá bá a láti ọ̀nà Ìlọrin. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ó ní, imú rẹ̀ gùn, ó sì kúrú débi pé ẹni tó bá jókòó nínú rẹ̀ á rò pé ilẹ̀ lòun jókòó sí. Jókòósílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ìlú ń pe irú rẹ̀. Àwọn ọmọ olówó tó fẹ́ràn eré ló ń rà á. Ẹni tó ni èyí jẹ́ ọmọ kọngílá kan, apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Gbogbo ìhà ọ̀tún ọkọ̀ náà ti wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ ya níbi tí ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ọmọkùnrin náà fa Lásárù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun gbé ọmọbìnrin kan lójú ọ̀nà, ọmọ ilé-ìwé olùkọ́, pé jàǹbá ṣẹlẹ̀, ọmọ náà sì kú ní ọsibítù. Ó ní wọ́n ti lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀, àwọn òbí sì ti fi í fún Ọlọ́run. Ó ní òun kò fẹ́ rí ọkọ̀ náà mọ́, kí Lásárù tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, kí òun lè tà á. Owó tó san pọ̀. Òun ni Lásárù fi kan òrùlé ilé rẹ̀.

Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ ara ìjókòó iwájú. Lásárù kò lè fọ̀ ọ́. Ó gbé e jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì kọjú sí ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ omi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí ó ti rí, n kò sì ní sọ níbí.

Nígbà náà, wọ́n ń ṣí páànù àtijọ́ kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti fi tuntun kàn án, àwọn ọmọ ìjọ sì ń ra àtijọ́ náà. Mo ra mẹ́ta. Lásárù gba ìdajì ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó nà á tẹ́, ó gé e, ó sì fi lẹ ibi tó ya nílẹ̀ ọkọ̀ náà. Bó ti wù kó nà án tó, ojú ìlà páànù ṣì hàn fírífírí, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ni yóò bò ó. Ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ ọkọ̀ yìí ni ó rí ìwé orin kékeré kan tó há sábẹ́ irin ìjókòó. Ó ṣí i. Wọ́n fi gègé kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ṣubúọlá Olóyèdé, Ìlọ́fà.

Ó ní òun yóò mú un lọ fún àwọn òbí rẹ̀. Èmi ni mo ní kó má lọ. Mo ní, "Bí o bá gbé e débẹ̀, wọ́n á bi ọ́ níbi tí o ti rí i. Kí lo máa sọ? Owó ọmọ kọngílá ti wà nínú ulé rẹ." Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, níbi tí ìwé ìgbéyàwó mi wà. Ọdún márùn-ún ló fi wà níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ mú aṣọ ọdún, ọwọ́ mi á kàn án, n ó sì yára ti àpótí. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, n kò ní àwáwí kankan.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde lọ́dún 1982, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ọkọ̀ Jókòósílẹ̀ funfun kan dé ṣọ́ọ̀bù. Ó wọṣọ dáadáa, ó kí wa dáadáa, ó ní Elijah ni orúkọ òun, Kàdúná ni òun ti ń ṣiṣẹ́, òun wá ṣe ọdún nílé ní Ìlọ́fà. Ó ní oníṣòwò kan ní Ìlọrin fẹ́ ta ọkọ̀ yìí fún òun ní ẹgbẹ̀rìnlá náírà, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó dín igba, ó sì yọ̀ǹda pé kí òun gbé e lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kí òun fi han ẹni tó mọ̀.

"Wọ́n ní bí Bọ̀dá Lásárù bá ti ní owó rẹ̀ tọ́, kí n sanwó kí n má wẹ̀yìn."

Inú àbúrò mi dùn. Ó bi í ní ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi àlejò: "Ọmọ ta ni ọ́ ní Ìlọ́fà?"

"Ọmọ Olóyèdé ni mí, sà. Bàbá ti kú. Ìyá mi ni Màmá Damaris ní ìjọ Áńgílíkà."

Orúkọ tó wà nínú ìwé orin nìyẹn. Mo wo Lásárù, òun náà sì wò mí. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tó wà níwájú wa. Ọ̀rọ̀ ìwé orin nìkan ni a rò pé ó ń lé wa bọ̀. Funfun ni ọkọ̀ yìí, ìjókòó rẹ̀ sì ti di aláwọ tuntun.

Lásárù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí Elijah tan ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ bo ihò èéfín, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kò mu ọ́ìlì. Ó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó ṣí i, ó tún tì í, ó ní, "Gbọ́ bó ti wọlé wọ̀ọ̀." Lẹ́yìn náà ó mú òòfà rẹ̀, ó sì gbé e rin ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tó máa ń rín bí nǹkan bá wù ú.

"Ẹni tó bá tà á fún ọ ní ẹgbẹ̀rìnlá, ó fi ta ọ́ lọ́rẹ ni," ló wí. "Jẹ́ kí n wo ulẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ti dípẹtà."

Ó kúnlẹ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú lápá ọ̀tún. Mo wà lórí àpótí ìjókòó mi, mo ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà kan, ó tọ èkejì, ó tọ ẹ̀kẹta, kò sì gbé ojú sókè. Mo dìde lọ wò ó. Páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.

Iṣẹ́ tí ojú bá rí kì í ṣe iṣẹ́. Àbúrò mi ti ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò tí kò mọ̀ ọ́n, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín.

Ó da kápẹ́ẹ̀tì padà, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì wọlé. Mo tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí àga, ó gbé omi lọ́wọ́, kò mu ún. Mo sọ ohun tó wà ní ọkàn mi, kí a má purọ́. Mo ní ọmọ náà béèrè iye ọkọ̀, kò béèrè ìtàn rẹ̀. Mo ní irin rẹ̀ le, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá ní owó rẹ̀ tọ́, kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá bá ọ mọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ nígbà tó ń tan ẹ́ńjìnnì?"

N kò gbọ́. Ó ní ọmọ náà sọ pé lọ́la, bí òun bá rà á, òun yóò gbé e lọ sí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àlùfáà gbàdúrà sí i.

"Yèyé rẹ̀ ló máa jókòó níwájú," ni Lásárù wí. "Ibẹ̀ ló máa gbé ẹsẹ̀ sí."

Ó gbé omi kalẹ̀, ó jáde, ó sì sọ ọ́ fún ọmọ náà lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀, láìyí i po. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí tó ẹgbẹ̀rìnlá. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n pupa ló jẹ́ nígbà tí mo gbà á, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí àbúrò rẹ Ṣubúọlá jókòó sí lọ́jọ́ jàǹbá náà."

"Àbúrò mi ni," ni Elijah wí.

Mo rò pé yóò lù ú. Ó wulẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀ náà ni, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó béèrè pé, "Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe?" Lásárù ní òun ni. Ó ní, "Ẹ mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà?" Lásárù ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ti wọlé lọ ṣí àpótí mi kí ó tó béèrè bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Mo gbé ìwé orin náà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní èmi ni mo pa á mọ́, kì í ṣe àbúrò mi.

Ó ṣí i, ó wo ibi tí orúkọ wà, ó sì pa á dé. Ó ní òun yóò sọ fún ìyá òun pé owó ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù, òun yóò sì dá a padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò bú wa. Ì bá sàn kó bú wa. Ó wọ ọkọ̀ nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè gbé e délé, ó sì wà á lọ jẹ́jẹ́, bí ọkọ̀ tó gbé òkú.

Nílẹ̀ wa, bí ọmọ bá kú ṣáájú ìyá rẹ̀, a kì í jẹ́ kí ìyá rí òkú rẹ̀, a kì í sì í fi sàréè rẹ̀ hàn án. Wọ́n ní kí ọgbẹ́ náà má baà wọra jù ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Damaris. Àwọn ọkùnrin ló lọ sí ọsibítù, àwọn ni wọ́n sin ín, wọ́n sì padà wá bá a nínú ilé níbi tí àwọn obìnrin ti mú un mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1977 kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Mo máa ń rò ó pé èwo gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí Damaris nínú méjèèjì.

Ní Mọ́ńdè Àjíǹde, lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ọkọ̀ funfun náà tún dé. Elijah ló wà á, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè fún ẹsẹ̀ àgbàlagbà. A gbọ́ lẹ́nu Elijah bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá ní èló ló kù, kí òun mú owó iṣu òun lé e, nítorí pé ìdúpẹ́ ni òun ti ń gbàdúrà fún láti ọdún yìí wá. Ni ọmọ náà bá gbé ìwé orin lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Damaris jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì jù mí lọ dáadáa. Lásárù ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó jáde kúrò nínú ọkọ̀. Ìyá náà ní kó dìde. Ó ní, "Fi ibẹ̀ hàn mí."

Lásárù ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà jókòó síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé páànù náà. Kò sunkún. Ó béèrè pé kí ni ìlà tó wà lára rẹ̀. Lásárù ní páànù àtijọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Osí ni, òun ló fi lẹ̀ ẹ́.

"Páànù ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí. Ó mi orí. Ó jókòó pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé orin wà lórí itan rẹ̀. Elijah kọjú sí ọ̀nà Ọ̀bọ̀.

Nígbà tó ṣe, Damaris ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Kò yé mi lákọ̀ọ́kọ́. Lásárù ló yé. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Òun ló fọ ùjókòó náà."

Damaris jáde nínú ọkọ̀. Ó rìn wá sí ibi tí mo dúró sí láàárín àwọn agolo ọ́ìlì mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè. Ọdún márùn-ún ni mo ti fi ń retí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti bàjẹ́, òun tó jù mí lọ.

Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n rí i. Ẹ ṣeun tó jẹ́ pé obìnrin ló bá mi wẹ ọmọ mi."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìjókòó ọkọ̀ ni mo fọ̀, pé n kò fi ojú rí ọmọ rẹ̀ rí, pé èmi ni mo sì pa ìwé rẹ̀ mọ́. N kò lè sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dá ẹni tó kí wa kú iṣẹ́ lóhùn.